Níbo Ni Agbẹ̀bí Yóò Sùn?

Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2025.

Tẹjúmádé, Àjíkẹ́ mi,

O kú òtútù ilẹ̀ òkèèrè. O kú iṣẹ́ agbẹ̀bí, o kú àìsùn. Ṣé o ń jẹun? Má kàn sọ fún mi pé o ń jẹun o, ohun tí o jẹ gan-an ni kí o sọ. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, o ní bísíkíìtì àti tíì ni o fi pa ebi lọ́sàn-án. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tó ń gbẹ̀bí ọmọ aráyé ní Leeds máa fi bísíkíìtì tan ikùn ara rẹ̀ jẹ?

Wàá ní kí ló dé tí màmá tún ń kọ lẹ́tà láyé Wásáàpù. Ìwọ náà mọ̀ pé bí mo bá pè ọ́, "Màmá, mo ń wọ mọ́tò" ni, àbí "Màmá, mo ti dé ibi iṣẹ́." Lẹ́tà kì í wọ mọ́tò. Mo ń kọ ọ́ sórí ìwé, n ó fi fóònù ya á, n ó fi ránṣẹ́, ìwọ náà á sì kà á nígbà tí ìdí rẹ bá balẹ̀.

Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí mo ṣẹ̀. Yàrá rẹ náà wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ọdún kẹjọ nìyí, kò sí Sátidé tí mi ò gbá a. Mo fi kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé sí i nígbà Kérésì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo tìtorí ẹ̀ mú bírò. Láti ìgbà tí Akíntúndé ti di aṣòfin ní Òṣogbo, tí wọ́n sì fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó tó ń rí sí ètò ìlera, oorun mi ò já geere mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pín ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ. Ti Akíntúndé, òfin ló fẹ́ pín.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. O rántí ilé ìwòsàn kékeré tó kọjú sí ilé wa. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Fáòsíátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú. Ọmọlúàbí ni, àmọ́ bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á ti ilẹ̀kùn kó lè rí mọ́tò padà sílé. Lọ́jọ́ kan nínú Oṣù Kejìlá, bó ṣe lọ tán báyìí ni ìrọbí mú Purity, ìyàwó Olúwafẹ́mi oníbúrẹ́dì. Wọ́n gbé e sínú takisí Sàlámì, ó di ọ̀nà Òṣogbo. Wọn ò tíì dé Ọ̀tan tí ọmọ fi ní òun ò lè dúró. Bí Sàlámì ṣe gbójú sókè, mọ́tò tó gbé Fáòsíátù ló wà níwájú rẹ̀ yẹn. Ó fọn fèrè, ó fọn fèrè, títí tí onítọ̀hún fi dúró. Fáòsíátù bọ́ sílẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó gba ọmọ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọmọ Mọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà báyìí. Àlàáfíà ni ìyá rẹ̀ wà. Sàlámì nìkan ló ń bá Olúwafẹ́mi fa ọ̀rọ̀, ó ní ẹnì kan ló wọ mọ́tò òun, ẹni méjì ló sọ̀ kalẹ̀, ta ni yóò san owó ẹnì kejì?

A fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pa ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́rìn-ín. Ó ní bí mọ́tò Fáòsíátù bá ti jìnnà ńkọ́? Ló bá gbé àbá òfin lọ síwájú Ilé, pé kí gbogbo ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù ní agbẹ̀bí tí yóò máa sùn síbẹ̀. Wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀kíní. Àmọ́ Bàbá Kọ́lájọ, alága ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù wa, wá bá mi nídìí máṣíìnì lójú àwọn tó wá gba yunifọ́ọ̀mù ọmọ wọn. Ó ní, "Ìyá Ọnárébù, òfin tí ọmọ yín fẹ́ fún wa yìí, ṣé sísè ni a ó sè é, àbí sísun ni a ó sun ún?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wọn ò ní pẹ́ dé. Bí wọ́n bá gba ipò lọ́wọ́ Akíntúndé, ojú wo ni n ó fi máa rìn ní Ìlá? Jọ̀wọ́, bá mi ra fúláàsì tíì tó pọ̀ díẹ̀ nílùú yín, kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ sí i lára, kí a pín in fáwọn ìyá ọlọ́mọ. Má sọ fún un. O mọ̀ pé agídí ló ní.

Ọ̀rọ̀ ọkọ, mi ò ní mẹ́nu bà á nínú lẹ́tà yìí. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò mẹ́nu bà á.

Ìyá rẹ,
Moríyọ̀.


Leeds,
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Màmá mi,

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà o, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù. Ẹ kú àárò mi, ẹ kú orúnkún. Ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ni mo jẹ lánàá, mo se ẹyin sí i. Ẹ ti gbọ́ báyìí. Ẹ ṣeun tí ẹ ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọkọ. Èmi náà ò ní fèsì sí ohun tí ẹ ò sọ.

Ọ̀rọ̀ Sàlámì yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí. Ibi iṣẹ́ ni mo ti kà á, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí ló dé, mo bá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n kí Fáòsíátù, wọ́n ní òun lọ̀gá gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fúláàsì, ẹ forí jì mí, mi ò ní rà á. Fúláàsì kì í gbẹ̀bí. Ojú Bọ̀dá mi lára fúláàsì náà kò ní kí ó gbẹ̀bí.

Òfin Bọ̀dá mi dára, Màmá. Mo kà á látòkè délẹ̀ lórí Fésìbúùkù rẹ̀. Àmọ́ ihò kan wà nínú rẹ̀ tí màlúù lè gbà kọjá. Ó ní agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ máa sùn síbẹ̀. Kò sọ ibi tí yóò sùn. Ẹ̀yin náà ẹ wo ilé ìwòsàn iwájú ilé wa. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ewúrẹ́ Alhaja Àsíátù, aládùúgbò wa, máa ń sùn sí. Ṣé orí ibùsùn tí wọ́n ń bímọ sí ni Fáòsíátù yóò máa sùn? Bí aboyún bá wá dé, ṣé wọ́n á jọ pín in ni?

Mo ti bi í níbẹ̀ lórí Fésìbúùkù, mo ní, "Bọ̀dá mi, níbo ni agbẹ̀bí yóò sùn?" Kò tíì dá mi lóhùn. Ẹ bá mi kí i.

Ọmọ yín,
Tẹjú.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹta, 2025.

Tẹjúmádé,

O rí i pé mi ò kì ọ́ lónìí. Tí mo bá pe oríkì rẹ, inú mi á yọ́, mi ò sì fẹ́ kó yọ́.

Ṣé o mọ ohun tí o ṣe? Ìbéèrè tí o bi ẹ̀gbọ́n rẹ lójú ayé ti di orin ní Ìlá. Ẹgbẹ́ alátakò ti gbé e sẹ́nu. Wọ́n ní àbúrò tí wọ́n jọ mu ọyàn kan náà kò fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, ta wá ni kó fọwọ́ sí i? Bí mo bá ń lọ lọ́nà, àwọn ọmọdé á ní, "Màmá, níbo ni agbẹ̀bí yóò sùn?" Àní Sàlámì ti kọ ọ́ sẹ́yìn takisí rẹ̀, níbi tí ó kọ "Ọlọ́run Ló Mọ̀la" sí tẹ́lẹ̀. Mo bá a wí. Ó ní iṣẹ́ ló jẹ́ fún òun, pé àwọn èrò fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wá lọ́jọ́ Àìkú. Mo gún iyán, kò jẹ ẹ́. O mọ̀ pé bí Akíntúndé bá kọ iyán, ọ̀rọ̀ ti wọ inú egungun. Ó ní, "Màmá, ṣé fóònù mi bàjẹ́ ni? Ṣé Tẹjú ò mọ nọ́ńbà mi?" Mo bu omi fún un. Ó ní wọ́n ti sún kíkà kejì síwájú nítorí pé ojú gbogbo ẹlẹgbẹ́ òun ló kún fún ẹ̀rín.

Èmi ò sọ pé irọ́ ni o pa. Ṣé a máa ń tú aṣọ lára ẹ̀gbọ́n ẹni láàárín ọjà, kí a tó sọ fún un pé ó ya? Inú yàrá la ti ń sọ ọ́. Bàbá yín kó tó kú, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí fún: pé kí ẹ̀yin méjèèjì má ṣe di ẹni tí yóò máa fi ìyá ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí ẹ ń rán mi lónìí.

Pè é. Bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá bú ọ, gbà á. Àgbà ni.

Moríyọ̀.


Leeds,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2025.

Màmá mi,

Ẹ ò kì mí, ó sì dùn mí ju ìbáwí yín lọ. Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo ti pe Bọ̀dá mi. Kò gbé e. Mo wá sọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un lórí Wásáàpù, mo fi Àlàó, oríkì rẹ̀, kì í títí ẹnu fi ro mí, mo ní mo jẹ̀bi ibi tí mo ti sọ ọ́. Mo ti pa á rẹ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè pa ti ẹ̀yìn takisí Sàlámì rẹ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà, Màmá, mi ò kó o jẹ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbà náà ò wọ kèrègbè. Inú kèrègbè yìí ni mo ti wá.

Ẹ rántí ọdún tí wọ́n gbé mi lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀rà, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì? Ẹ máa ń bi mí pé báwo ni ibùgbé, èmi náà á ní ó dára. Kò dára. Orí ibùsùn ìgbẹ̀bí ni mo ń sùn. Bí aláboyún bá dé, n ó dìde, n ó nù ún, n ó tẹ́ aṣọ, yóò gùn ún. Bó bá bímọ tán, èmi á lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, torí pé ìyá ìkókó ló ni ibùsùn. Ilẹ̀kùn náà ò ní kọ́kọ́rọ́. Odó ni mo fi ń tì í lẹ́yìn. Gbogbo èèyàn rò pé owó ló gbé mi wá síhìn-ín. Ilẹ̀kùn yẹn ni.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òfin há Fáòsíátù mọ́ irú ibẹ̀.

Tẹjú.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà, 2025.

Àjíkẹ́ mi, Àjíkẹ́ ọmọ Adégbọlá, ọmọ tí mo gbé pọ̀n tí ọ̀já ò já,

O ti rí i pé mo kì ọ́. Gbèsè tó wà nílẹ̀ ni mo san yẹn. O kú ọjọ́ mẹ́ta kan, o kú oòrùn tí wọ́n ní ó ti yọ lọ́dọ̀ yín.

Mo ka lẹ́tà rẹ ìjọ́sí, mi ò lè rán aṣọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ wá, mo sọ fún un nípa odó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ ló ń jẹ. Ó gbé ẹ̀kọ sílẹ̀, ó dìde, ó lọ dúró níwájú ilé ìwòsàn iwájú ilé wa fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ewúrẹ́. Ibẹ̀ ló ti wọ mọ́tò rẹ̀, ó fi ẹ̀kọ sílẹ̀ lọ.

Ìyẹn ni mo fi bẹ̀rù nígbà tí wọ́n gbé àpérò ìta gbangba wá sí gbọ̀ngàn ìlú wa níbí, kí aráàlú lè sọ èrò wọn lórí àbá òfin náà. Èrò wá láti Òkè-Ìlá, wọ́n wá láti Ọ̀rà. Bàbá Kọ́lájọ jókòó síwájú, ó fajú ro, ó ti múra ẹ̀gàn. Kí ó tó dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ ti bọ́ síwájú. Ó ní, "Àbúrò mi bi mí ní ìbéèrè kan. Mo bínú sí i. Mo ní torí pé ó jẹ́ ọmọdé ni mo ṣe bínú, irọ́ ni, torí pé mi ò ní ìdáhùn ni." Àwọn ìyá ló kọ́kọ́ dìde. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ bẹ́. Mo rí Bàbá Kọ́lájọ tó ń pàtẹ́wọ́ kó tó rántí ara rẹ̀, tó sì fi ọwọ́ náà nu ojú.

Wọ́n tún òfin náà ṣe. Ó ti di pé wọn ò ní gbé agbẹ̀bí kankan sí wọ́ọ̀dù, àfi bí wọ́ọ̀dù bá kọ́kọ́ fi yàrá hàn, tí kò jìnnà sí ilé ìwòsàn, tí ó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú. Ìjọba á fa omi síbẹ̀, á gbé iná sólà sí i. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kẹta, Abẹnugan lu òòlù mọ́lẹ̀, gómìnà ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ti jẹun. O mọ̀ pé bí ó ṣe ń bẹ èèyàn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá ku ẹyọ kan, èyí tí mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Òkè-Ìlá ti fi yàrá wọn hàn. Ọ̀rà náà ti fi hàn. Wọ́ọ̀dù tiwa tí a pàtẹ́wọ́ jù, a ò rí yàrá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí aláboyún máa kanlẹ̀kùn òun. Bàbá Kọ́lájọ ní ilé tó gùn bí ilé ìwé, ó ní àna òun fẹ́ wá gbé níbẹ̀. Ẹlòmíràn fi yàrá kan hàn wá, a ṣí i, adìyẹ fò jáde. Sàlámì ní bó bá jẹ́ ti takisí òun ni, ó ti mọ́ Fáòsíátù lára. Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ fi owó ara rẹ̀ gba yàrá, gbogbo ohun tó rí ti jìnnà ju bí òfin ṣe wí. Bí oṣù yìí bá parí tí a ò rí nǹkan kan, Fáòsíátù á lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn.

Nípàdé, gbogbo ojú yí sí mi. Ilé wa ló kọjú sí ibẹ̀. Mo ní kò sí yàrá tó ṣófo nílé mi. Alhaja Àsíátù fẹnu sí mi létí, ó ní, "Moríyọ̀, yàrá Tẹjú ńkọ́?"

Mo ní èèyàn wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ta ni?"

Mo gbé báàgì mi, mo wálé.

Mo fẹ́ gba yàrá rẹ fún un, Àjíkẹ́. Kí ni o wí?

Ìyá rẹ,
Moríyọ̀.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Àjíkẹ́,

Àmì méjì abẹ́ lẹ́tà mi ti di aláwọ̀ aró láti ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé o ti kà á. Bí ara rẹ ò bá yá, sọ fún mi. Bí o bá ń bínú, sọ fún mi. Èyí tó wà láàárín méjèèjì yìí ni mi ò lè gbé mì. Alhaja Àsíátù ní kí n fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Mo fi ọ́ sílẹ̀ láti àárọ̀, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú báyìí.

Moríyọ̀.


Leeds,
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Màmá,

Ara mi yá. Mo ti kà á, mo tún un kà.

Màmá, bí òtútù bá mú mi níbí, tí wọ́n bá jágbe mọ́ mi níbi iṣẹ́, tí mo bá padà sínú yàrá tí mo háyà, tí mi ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n ó dijú, n ó lọ sí yàrá yẹn. Mo mọ ibi tí alángbá ń gbà wọlé. Mo mọ bí òórùn rẹ̀ ṣe máa ń rí bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, wò ó, ibì kan wà tí wọ́n ti ń retí rẹ.

Ṣé Bọ̀dá mi ló ní kí ẹ gbà á, kó lè fi dá mi lóhùn ìbéèrè mi? Àbí ẹ̀yin fúnra yín ti gbà pé mi ò ní wálé mọ́? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ ọ́ tààrà. Ẹ má fi agbẹ̀bí ṣe àwáwí.

Tẹjú.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Àjíkẹ́, ọkàn mi,

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka tìrẹ ni, mi ò tíì jẹun àárọ̀, má bá mi wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ò ní kí n ṣe é. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí Alhaja Àsíátù sọ, ó gbá ilẹ̀kùn yàrá rẹ mọ́, ó dúró níwájú rẹ̀ bí ọlọ́dẹ, ó ní, "Màmá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan yàrá Tẹjú láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́." Ọnárébù tó fẹ́ kí wọ́ọ̀dù fi yàrá hàn, òun ló tún ń ṣọ́ yàrá. Mo ní kó jókòó.

Ọ̀rọ̀ pé mo ti gbà pé o ò ní wálé. Tẹjú, ta ló ń gbá yàrá ẹni tí kò ní wálé? Ní Sátidé tó ṣáájú lẹ́tà tí mo fi bi ọ́ nípa yàrá náà, mo gbé ìgbálẹ̀ wọbẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo gbá a láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbọn kọ́tìnnì. Mo jókòó, mo wo ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan tí mo rí gbá. Yàrá tí èèyàn kì í gbé, kò ní pàǹtí. Mo wá gbójú sókè, mo gba ojú wíǹdò rẹ rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Fáòsíátù jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lórí ẹsẹ̀, ó ń retí mọ́tò Ọ̀tan, aláboyún kan jókòó tì í, kò fẹ́ kó lọ. Mo rí ìwọ lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn Ọ̀rà. Mo ní ká ní ìyá kan wà ládùúgbò ọ̀hún tó ní yàrá tó ń gbá lásán.

Ìwọ lo bi wá pé níbo ni yóò sùn. Gbogbo Ìlá ni mo wá a kiri. Ìgbà tí mo padà délé ni mo rí i.

Yàrá náà tìrẹ ni. Bí o bá ní rárá, rárá náà ni. N ó sọ fún wọn pé èèyàn wà níbẹ̀, bí wọ́n bá bi mí pé ta ni, n ó dárúkọ rẹ láìtijú.

Ìyá rẹ,
Moríyọ̀.


Leeds,
Ọjọ́ Karùndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹfà, 2025.

Màmá mi,

Ẹ jẹun kí ẹ tó ka èyí.

Kó máa bọ̀. Ẹ sọ fún un pé ilẹ̀kùn yẹn máa ń há nígbà òjò, ìdí ni kó fi tì í, kó má fi ọwọ́ fà á. Ìṣó kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ga díẹ̀, ibẹ̀ ló dára láti fi yunifọ́ọ̀mù kọ́ sí. Kó má lé alángbá náà, ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju èmi lọ. Ẹ kó àwọn aṣọ mi sínú yàrá yín. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Kí Bọ̀dá mi fi irin ìdábùú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó jẹ́ ojúlówó.

Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́. Mo ń bọ̀ nílé nínú Oṣù Kejìlá. Ẹ̀yin lẹ ó gbà mí sí bẹ́ẹ̀dì yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa ń han-an-run, tí ẹ sì máa ń jiyàn.

Bọ̀dá mi pè mí lánàá. Ó ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní bísíkíìtì ni. Ó bá mi jà dáadáa, inú mi dùn títí.

Àjíkẹ́ yín.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Àjíkẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti inú ariwo. Ilé wa ti di ibùdókọ̀.

Fáòsíátù ti kó dé. Sàlámì ló gbé ẹrù rẹ̀, ó ní ọ̀fẹ́ ni, torí pé àwọn ti jọ ṣiṣẹ́ rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan irin ìdábùú náà. Ó fi òòlù gbá àtàǹpàkò, alága ètò ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri àgbàlá. Fáòsíátù ló dì í fún un, ó ní Ọnárébù ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí òfin náà mú wá. Sólà ti wà lórí òrùlé, omi ti dé. Ewúrẹ́ Alhaja Àsíátù ti wá ibòmíràn gbà.

Ọmọ Mọ́tò ti ń jókòó o. Purity gbé e wá kí agbẹ̀bí rẹ̀, ó tọ̀ sí orí kápẹ́ẹ̀tì rẹ. Mo ti fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Kọ́lájọ kò ṣeé fi pa mọ́. Ìrọbí mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní àkókò tí kì bá ti sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ láyé àtijọ́. Fáòsíátù sọdá títì, ó gbẹ̀bí ọmọkùnrin làǹtì-lanti. Bàbá Kọ́lájọ gbé iṣu wá kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ bọrọgidi, ó ní òun á sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé Akíntúndé ni àwọn ń tẹ̀ lé. Mo gba iṣu. Mo ní, "Alága, ṣé òfin náà jinná?"

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Má fi mí rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá wá kan wíǹdò mi pé aláboyún ti dé, ẹnu mi kì í yí sí Fáòsíátù. Tẹjú ló máa ń jáde. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń pe orúkọ yẹn síhà yàrá yẹn nígbà tí mo bá gbàgbé ara mi, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ. Mo bẹ Fáòsíátù pé kó má bínú, ìyá arúgbó ni mí. Kò bá mi jiyàn. Bí mo bá ti pe Tẹjú, n ó gbọ́ tí irin ìdábùú á dún, á sì dáhùn láti inú yàrá pé,

"Mo ń bọ̀, Màmá."

Ìyá yín,
Moríyọ̀.